Àlejò Kan Láti Hamburg

Lokoja,
17 Oṣù Kọkànlá, 1985.

Adéòkè ọmọ mi,

Òkun o. Mo kí ọ kú ọ̀gìnnìtìn ìlú òyìnbó, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ ilé ìwòsàn. Àwa náà wà. Odò ti ń fà sẹ́yìn, ọyẹ́ sì ti ń bo orí òkè Patti láàárọ̀. Kàrímọ́tù aládùúgbò wa, tó ń yan ẹja, ní kí n kí ọ. Ó ní mo máa ń gbàgbé, ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ kọ tirẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tó dé lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. O ní ìwé tí yóò sọ ọ́ di ọmọ ilẹ̀ Jámánì ti jáde, pé ìbuwọ́lùwé rẹ nìkan ló kù. O ní kí wọ́n tó gbà ọ́, wàá kọ́kọ́ dá ìwé ìrìnnà tiwa padà, nítorí wọn kò fẹ́ kéèyàn jẹ́ ọmọ bàbá méjì. Òfin ilé wa náà kò sì gbà á. O wá bi mí pé kí ni mo rí sí i.

Ohun tí mo rí sí i ni pé rárá. Odidi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi tukọ̀ fún àwọn òyìnbó lórí odò yìí, tí mo ń tọ́ ọkọ̀ wọn sọ́nà láàrin iyanrìn láti Baro títí dé Onitsha. Orúkọ ìlú tí o wà yẹn, ara àpò ekùrọ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí i, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́. Àpò ekùrọ́ tó bá lọ kì í padà wá. Èmi kò rán ọ lọ bí ekùrọ́. Mo ní kí o lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí o sì padà wálé.

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n pe ìpàdé sí gbàgede Paparanda. Ìjọba ní kí aráàlú dá sí i, bóyá ká yá owó lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń yá gbogbo ayé lówó, àbí ká má yá a. Àwọn olùkọ́ sọ tiwọn, èdè òyìnbó pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní ẹni tó bá yá ọ lówó ọbẹ̀ ni yóò máa bá ọ tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣé o wá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé bàbá tó dìde láwùjọ tó ní ká má ta ara wa, ọmọ tirẹ̀ ti lọ buwọ́ lùwé?

Bí mo bá sùn, tí wọ́n ti bo iyẹ̀pẹ̀ lé mi, kí o ṣe bó ti wù ọ́, n kò ní dìde bá ọ wí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo ṣì ń mí, ọmọ ibí ni ọ́. Ojú mi ọ̀tún ń ṣe bàìbàì díẹ̀, má fi ṣèrònú.

Bàbá rẹ tó ń ṣọ́nà,
Jacob Bámiṣayé.


Hamburg,
2 Oṣù Kejì, 1986.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Kàrímọ́tù.

Mo ti gbọ́. N kò ní buwọ́ lù ú. Ìwé náà wà nínú àpótí mi lábẹ́ aṣọ òtútù, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí ẹ má baà rò pé ìgbádùn ló ń pa mí bí ọtí.

Lọ́dọọdún ni mo ń lọ tò níwájú ọ́fíìsì àwọn àjèjì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti máa ń débẹ̀, àwa àti àwọn ará Tọ́kì àti àwọn ará Ghana, nínú yìnyín. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì kì í wojú èèyàn, ìwé ló ń wò. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń wẹ àwọn arúgbó wọn. Èmi ni mo pa ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn dé, nígbà tí ọmọ wọn kò sí nítòsí. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lọ́dọọdún: ìgbà wo ni o máa lọ? Ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù ti sọ pé òfin tuntun ń bọ̀, pé ọmọ ilẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ máa gbà síṣẹ́. Bí wọ́n bá dá mi dúró níbí, kí ni n ó wálé wá ṣe? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ̀wé pé wọ́n ń dá àwọn nọ́ọ̀sì dúró ní Ilorin.

Ẹ ní ká má ta ara wa. Ẹ kò bi mí bóyá ó ti rẹ̀ mí. Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, Bàbá, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fi ojú yẹn han dókítà.

Ọmọ yín tó ń gbọ́ràn,
Adéòkè.


Hamburg,
23 Oṣù Kọkànlá, 1986.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà kẹrin rèé láti oṣù karùn-ún, n kò rí èsì ọ̀kankan. Ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni? Bó bá jẹ́ ìbínú, ẹ kọ ìbínú náà sínú ìwé, n ó kà á tayọ̀tayọ̀.

Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí mi níbí tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń gbọ́ ikọ́ yín nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ikọ́ ẹlẹ́ẹ̀mejì tí ẹ máa ń wú kí ẹ tó wọlé. Mo máa ń yíjú wò ó. Kì í sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Bí ẹ bá wà, ẹ fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ gígùn. Ẹ kàn kí mi, ó ti tó.

Adéòkè.


TẸLIGÍRÁÀMÙ
Láti Lokoja. Ó dé Hamburg ní 15 Oṣù Kejìlá, 1986.

OKU NO BABA


Hamburg,
8 Oṣù Kìíní, 1987.

Ẹ̀gbọ́n Kàrímọ́tù,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú làálàá òkú. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Tẹligíráàmù dé ọwọ́ mi. Kò sí orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, mo gbà pé ẹ̀yin lẹ bẹ akọ̀wé kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: òkú, ó wá fi òyìnbó sí i, no, bàbá. Bàbá ti di òkú, kò sí Bàbá mọ́. Orí ìdúró ni mo ti kà á, mo sì jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá ẹni tó máa kọ èsì fún yín, ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́. Ta ló wẹ̀ ẹ́? Ṣé Lokoja lẹ sin ín sí, àbí wọ́n gbé e lọ sí abúlé ní Oworo? Ṣé ó pe orúkọ mi? Àwọn ará ìjọ adúláwọ̀ níbí bá mi ṣe ìsìn ìdágbére fún un. A kọ orin tó fẹ́ràn. Mo ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ tóbi, mo sì fi aṣọ dúdú yí i ká. Ọ̀kan wà nínú àpòòwé yìí, ẹ bá mi gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀.

Lọ́la mo ń lọ buwọ́ lu ìwé àwọn ará ibí. Bàbá ti fún mi láyè tẹ́lẹ̀: ó ní bí òun bá sùn, kí n ṣe bó ti wù mí. N kò mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín. Bóyá nítorí pé kò sí ẹni tí n ó tún sọ ọ́ fún.

Àbúrò yín,
Adéòkè.


Lokoja,
30 Oṣù Kẹta, 1987.

Adéòkè,

Òkun o. Ẹni tí o sin ló ń kọ̀wé sí ọ.

Kàrímọ́tù kò mọ̀wé, nítorí náà èmi ló gbé lẹ́tà rẹ wá bá pé kí n ka tòun fún òun. Mo ka ikú mi sókè. Mo ka ìsìn ìdágbére mi, mo ka orin tí wọ́n kọ, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tó wẹ̀ mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún, ó wá na ọwọ́ tó ń rùn fún ẹja, ó fi kan apá mi láti mọ̀ bóyá ó gbóná. A rẹ́rìn-ín púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ojú ló dá mi dúró. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i, wọ́n ní kí n má kàwé, kí n má kọ̀wé. N kò sì fẹ́ kí ará ìta máa ka ọ̀rọ̀ ẹbí wa, ni mo bá ń kó lẹ́tà rẹ jọ sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda fún mi, èyí tó dé gbẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ṣí, èyí tí o ní kí n kàn kí ọ. Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ fi tẹligíráàmù ránṣẹ́. Mo kí ọ bí àwa ará ibí ti ń kí ara wa: ÒKUN O. Mo wá fi BÀBÁ parí rẹ̀, kí o lè mọ̀ pé èmi ni. Ẹ̀rọ wọn kò mọ àmì ohùn. Níbì kan lójú ọ̀nà, ẹnì kan tí kò gbọ́ èdè wa yọ N kúrò lára òkun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ O. Bí mo ṣe kú nìyẹn.

Mo gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀, torí o ní kí wọ́n gbé e kọ́. Àlejò tí kò bá mọ̀ mí dáadáa máa ń wò ó, yóò wò mí, yóò sì ní kí n kú àṣẹ̀yìndè ẹ̀gbọ́n mi. O mọ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní àkúdàáyà, ẹni tó kú níbì kan tí wọ́n tún rí i níbòmíràn, tó ń ṣòwò, tó ń jẹun, tó tilẹ̀ tún fẹ́yàwó. Èmi ni mo di bẹ́ẹ̀. Mo ti kú ní Hamburg, mo ń jẹ ẹ̀bà ní Lokoja. Nígbà mìíràn mo máa ń jókòó síwájú àwòrán yẹn títí, mo máa ń ṣe bí ẹni pé mo ń bá a ṣọ̀fọ̀.

Owó tí a ní ká má yá, wọ́n ní àwọn gbọ́ tiwa, wọn kò yá a. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ayánilówó ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe. A kọ ẹ̀kọ, wọ́n ní ká lá ewé rẹ̀. Oògùn ojú ti kọjá agbára mi, mo ń fi omi gbígbóná tọ́jú rẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀, má fi sí ẹ̀yìn. Ìwé tí o ní o ń lọ buwọ́ lù lọ́la, ṣé o buwọ́ lù ú?

Bàbá rẹ,
Jacob.


Hamburg,
11 Oṣù Karùn-ún, 1987.

Bàbá mi, Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, n kò sì fẹ́ dìde.

Mo buwọ́ lù ú. Mo ti búra kí lẹ́tà yín tó dé. Kí n sọ òótọ́ fún yín: nígbà tí mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín lára àpòòwé, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí kí inú mi tó dùn. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi gbé e sílẹ̀ lórí fèrèsé kí n tó lè já a. Mo ti sunkún yín tán, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹkún padà.

Ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé yẹn, mo dá a padà ní ilé aṣojú ìjọba wa ní Bonn. Ọmọbìnrin tó gbà á lu ihò sí i, ó ní kí n tọ́wọ́ bọ̀wé pé n kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà mọ́. Ó ní "Òkun o" fún mi bí mo ti ń lọ. Ọmọ Kabba ni. Nínú ìwé ti Jámánì, wọ́n bi mí nípa bàbá, mo sì kọ ọ́ pé ó ti kú. Mo ti padà lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á rẹ́. Ọkùnrin náà ní òun mọ ìwé ẹ̀rí ikú, òun kò rí ìwé ẹ̀rí àìkú rí.

Mo fẹ́ wálé, Bàbá. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn yín bí Ẹ̀gbọ́n Kàrímọ́tù. Ṣùgbọ́n lójú ìwé, àjèjì ni mí. Ní Bonn, wọ́n ní kí ará ilé kan kọ ìwé ìpè: kó sọ pé òun ló pe àlejò yìí, ibi tí yóò dé sí, ìdí tó fi ń bọ̀, kó sì buwọ́ lù ú. N kò ní ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi.

Adéòkè yín.


Lokoja,
19 Oṣù Kejì, 1989.

Adéòkè,

Òkun o. Mo rí lẹ́tà rẹ márààrún gbà, àti oògùn ojú tí o fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. O ṣeun. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́, o sì ní láti bínú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo jókòó ti bébà, tí mo kọ "Èmi Jacob Bámiṣayé ni mo pe", tí ọwọ́ mi sì dúró.

A kì í fi ìwé pe ọmọ wá sílé bàbá rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, òyìnbó mẹ́ta wá síbí, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo bí wọn yóò ṣe gbẹ́ odò. Ta ló kọ ìwé ìpè fún wọn ní Lokoja? Wọn kò tilẹ̀ bi mí, èmi tí mo mọ ibi tí gbogbo iyanrìn sùn sí. Òkìrìkà ń wọlé, ẹja inú yìnyín ń wọlé, tó ń ba ọjà Kàrímọ́tù jẹ́, àṣẹ àwọn ayánilówó ń wọlé. Kò sí èyí tó kan ilẹ̀kùn. Ọmọ tí wọ́n bí sí yàrá ẹ̀yìn mi nìkan ni kí n wá jẹ́rìí sí pé mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí o ti sọ pé o búra. Èmi kọ́ ni àkúdàáyà. Èmi kò kúrò lójú kan. Ìwọ ni. O kú nínú ìwé wa ní Bonn, o sì ń bẹ níbòmíràn, ò ń ṣiṣẹ́, ò ń jẹun. O sì mọ ohun tí àwọn àgbà sọ, pé bí ará ilé bá fojú kan àkúdàáyà, ńṣe ló máa pòórá. Ẹ̀rù yẹn ń bà mí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Bí mo bá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé àlejò ni ọ́, tí o sì wọlé tọ̀ mí wá bí àlejò, ta ló kù tí n ó máa retí?

Má bínú sí mi. N kò lè kọ ọ́.

Bàbá rẹ.


Hamburg,
3 Oṣù Kejìlá, 1989.

Bàbá mi,

Mo kí yín.

Ẹ ó ti gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ará ibí ti ń wó ògiri tí wọ́n fi pín ilẹ̀ wọn sí méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá wo bàbá rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù mi. Apá kejì ògiri ló ti wá. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Kò tọrọ ìwé ìpè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo gbé àga fún un. Nígbà tí wọ́n dì mọ́ra, mo lọ sí ibi tí a ti ń fọ ike ìtọ̀, mo sunkún níbẹ̀ títí ẹnì kan fi wá ń pè mí.

Ẹ ní àkúdàáyà ni mí. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìbúra mi kọ́ ló sọ mí di àlejò sí yín, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn, tí ẹ wá ń sọ pé òfin ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù ní tèmi. Lọ́jọ́ kan, wọn yóò kọ̀wé sí mi pé ẹ ti lọ, yóò sì jẹ́ òótọ́. N kò ní lè sunkún. Mo ti sun ún ní 1986, lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n fojú kàn yín lẹ́ẹ̀kan, kí n lè mọ ẹni tí mò ń sunkún lé lórí.

N kò ní bẹ̀ yín mọ́.

Adéòkè.


Lokoja,
22 Oṣù Kẹsàn-án, 1991.

Adéòkè ọmọ mi,

Òkun o. Ọ̀rọ̀ mi ni, ọwọ́ Ọláníyì akọ̀wé ìjọ wa ló ń kọ ọ́. Ojú ti lọ. Ẹni tí kò fẹ́ kí ará ìta gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí ti ń pè é síta báyìí fún ẹni tó ń kọ ọ́, Ọláníyì sì ń sọ fún mi pé mo ń yára jù.

Lóṣù tó kọjá, mo jí láàárọ̀, Kàrímọ́tù ń lu ilẹ̀kùn. Ó ní wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, Lokoja sì ni olú ìlú rẹ̀. Kwara ni mo wà tí mo fi ń jẹun àárọ̀ àná. Mo jókòó sórí ibùsùn mo sì ń ka iye orúkọ tí ilẹ̀ yìí ti jẹ́. Abẹ́ ọba òyìnbó ni wọ́n bí mi sí. Ó di Àríwá, ó di Kwara, ó ti di Kogi. N kò kó ẹrù rí. Kò sí ẹni tó ní kí n búra. Wọ́n kàn ń pààrọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni, tí mo ṣì ń jẹ́ Bámiṣayé ọmọ Oworo. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi láìbi mí, tí kò pa mí, ohun náà ni mo sọ pé ó pa ọ́. Fún ìwé kan ṣoṣo, mo fi ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún mẹ́rin.

Mo jẹ̀bi lọ́dọ̀ rẹ, Adéòkè. Mo gbọ́ tí bírò Ọláníyì dúró nígbà tí mo sọ ọ́, mo ní kó kọ ọ́.

Dókítà ní ọkàn mi ti wú, ó ní kí n pe àwọn ọmọ mi. Mo ní ẹyọ kan ni wọ́n. Ìwé tí o béèrè ló wà lẹ́yìn èyí. Fún wọn ní Bonn bó ṣe wà. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, ọmọ Kabba yẹn yóò kà á fún wọn bó bá ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ.


Lokoja,
22 Oṣù Kẹsàn-án, 1991.

Sí ilé aṣojú ìjọba wa ní Bonn,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Jacob Bámiṣayé, atukọ̀ tó ti fẹ̀yìntì, ni mo ń pe àlejò kan láti ilẹ̀ Jámánì. Orúkọ rẹ̀ ni Martha Adéòkè Bámiṣayé. Wọ́n ní kí n sọ ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó lórúkọ, èmi ni mo sọ ọ́.

Yàrá ẹ̀yìn ilé mi ni yóò dé sí, níbi tí wọ́n bí i sí. Ní ti oúnjẹ, aládùúgbò mi ní kí n kọ ọ́ pé ẹja wà.

Ọláníyì tó ń kọ̀wé yìí ní ẹ máa ń fẹ́ mọ ìdí tí àlejò fi ń bọ̀, bóyá òwò ni tàbí ìgbafẹ́. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ó ń bọ̀ wá sin bàbá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi falẹ̀. Èmi tí mo pè é ni bàbá náà, mo sì fẹ́ kó bá mi nílé.

Jacob Bámiṣayé